Ẹ̀sùn Lórí Ẹṣin Òkun Aláràbarà Tí Ẹ Tà Fún Mi

Ìtòkú,
Abẹ́òkúta,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.
Oṣù Kẹrin, ọdún 2025.

Ọ̀gá Àgbà,
Ilé Iṣẹ́ Tó Ń Ta Ẹja Ọ̀ṣọ́,
Èkó.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọjà. Lórí ẹṣin òkun mẹ́ta (ẹja tí òyìnbó ń pè ní seahorse) tí mo rà lọ́wọ́ yín ni mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí: yẹ́lò kan, olómi ọsàn kan, dúdú kan. Yẹ́lò ti kú. Olómi ọsàn ti di aláwọ̀ ẹrẹ̀. Dúdú nìkan ló ṣì wà bó ṣe wà, òun náà sì ni owó rẹ̀ kéré jù nínú gbogbo wọn. Ẹ̀dà rìsíìtì, àwọn fídíò tí mo yà, àti ọ̀rọ̀ tí èmi àti ọmọ iṣẹ́ yín jọ sọ lórí WhatsApp, gbogbo rẹ̀ ni mo fi ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kà mí sí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sin ẹja. Táǹkì omi iyọ̀ ti wà nílé mi ní Ìbarà kí n tó gbọ́ orúkọ ilé iṣẹ́ yín rárá. Nígbà tí mo fẹ́ ra ẹṣin òkun, mo kan táǹkì mìíràn lọ́tọ̀ fún wọn, èyí tó ga dáadáa, nítorí ẹja tó ń lúwẹ̀ẹ́ lóòró ni, ó sì yẹ kí omi rẹ̀ ga tó ìlọ́po mẹ́ta gígùn ara rẹ̀, kí akọ àti abo lè rí ààyè jọ gòkè nígbà tí abo bá fẹ́ da ẹyin sínú àpò tí akọ fi ń gbé ẹyin. Mi ò fi ẹja mìíràn tí yóò máa bá wọn du oúnjẹ sínú rẹ̀. Omi rẹ̀ ò sáré, igi tí wọ́n máa fi ìrù dì mú wà níbẹ̀, mo sì jẹ́ kí fílítà ṣiṣẹ́ títí tí ammonia àti nitrite, májèlé inú omi ẹja, fi di òdo kí n tó pè yín. Lórí bí ẹ ṣe dì wọ́n, mi ò ní ẹ̀sùn kankan. Ọ̀rá ò jò, atẹ́gùn pọ̀ nínú rẹ̀, dírẹ́bà sì gbé wọn dé Kútọ̀ kí oòrùn tó mú.

Ohun tí ọmọ yín sọ fún mi kí n tó sanwó ló bí ẹ̀sùn yìí. Mo bi í léèrè dáadáa. Ó dá mi lóhùn báyìí: “Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀. Oko ẹja ni wọ́n ti tọ́ wọn. Gbogbo oúnjẹ ni wọ́n ń jẹ. Àwọ̀ wọn kì í yí.”

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí àwọ̀, nítorí àwọ̀ lẹ fi dá owó lé wọn. Lórí ìwé iye owó yín, yẹ́lò tó ìlọ́po méjì dúdú, olómi ọsàn sì wà láàárín àwọn méjèèjì. Ẹja yìí ò lè sáré. Ìfarapamọ́ ló fi ń gba ara rẹ̀ là, ìdí nìyẹn tí awọ ara rẹ̀ fi máa ń yí padà láti bá ibi tó so ìrù mọ́ mu. Bí ẹ̀rù bá bà á, yóò ṣú. Bí omi ò bá bá a lára mu, yóò ṣú. Bí akọ àti abo bá ń kí ara wọn láàárọ̀, ara wọn á mọ́ yòò fún ìgbà díẹ̀. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní Hippocampus reidi ni àwọ̀ yẹ́lò àti olómi ọsàn wọ́pọ̀ lára rẹ̀. Hippocampus erectus tó jẹ́ yẹ́lò nílé ẹni tó ń tà á lè di aláwọ̀ eérú nílé ẹni tó rà á. Èèyàn lè fi igi rọ́bà yẹ́lò sínú táǹkì, mo fi sí i, ó lè ṣèrànwọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà. Irú èwo gan-an lẹ tà fún mi? Orúkọ rẹ̀ ò sí lórí rìsíìtì. “Yẹ́lò” lẹ kọ síbẹ̀.

Aṣọ àdìrẹ ni mò ń tà. Bí oníbàárà bá bi mí bóyá aró aṣọ kan máa ṣí, mo mọ èyí tó máa ṣí, mo sì máa ń sọ fún un kí n tó gbowó lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ìdí tí ti yín fi gbọ́dọ̀ yàtọ̀.

Àmọ́ àwọ̀ kọ́ ló pa yẹ́lò. Ebi ló pa á. Ẹ̀yin tí ẹ ń tà wọ́n mọ̀ pé ẹṣin òkun ò ní eyín, kò sì ní àpò ikùn tí oúnjẹ lè dúró sí. Ohun tó bá gbé mì, kíá ló ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ó gbọ́dọ̀ jẹun lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ó kéré tán. Èyí tí wọ́n bá tọ́ ní oko, wọ́n ti fi edé dídì tí wọ́n ń pè ní mysis kọ́ ọ láti kékeré. Èyí tí wọ́n bá kó nínú òkun kì í sábà kà á sí oúnjẹ, nítorí kì í mira.

Mo yọ mysis nínú fírísà, mo jẹ́ kó yọ́, mo ṣàn án, mo fi ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ síwájú ẹnu yẹ́lò. Ó yí ojú kan sí i, ojú kejì ń wo ibòmíràn. Ó na ẹnu gígùn yẹn títí tó fi kù díẹ̀ kó kan edé náà. Ó dúró. Edé rọra ń rọ̀ sílẹ̀, òun náà ń tẹ̀lé e lọ títí dé ìsàlẹ̀, ló bá yíjú kúrò. Ohun tó ń ṣe nìyẹn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ẹ máa rí i nínú fídíò. Mo pe ọmọ yín, ó ní kí n fi ẹyin Artemia, irú edé kékeré kan, sínú omi iyọ̀ kó pa. Ó pa lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó jáde kéré bí eruku. Oúnjẹ ọmọ ẹṣin òkun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ni, kì í ṣe ti àgbà. Ìgbà tí mo rí edé kéékèèké tó wà láàyè rà lọ́wọ́ àwọn tó ń pẹja lódò Ògùn, tí mo dà á sínú táǹkì, ni mo tó gbọ́ “kà!”, ìró tí ẹnu wọn máa ń dún bí wọ́n bá fa oúnjẹ mì. Olómi ọsàn jẹ, dúdú jẹ. Ikùn yẹ́lò ti wọlé pátápátá nígbà yẹn, kò lè lépa nǹkan kan mọ́. Títí di òní, edé tó wà láàyè nìkan ni àwọn méjì tó kù ń jẹ, èmi ni mo sì ń wá a kiri.

Hítà tí ẹ fi kún ọjà mi ńkọ́? Owó rẹ̀ ti wà lórí rìsíìtì kí n tó rí i, ọmọ yín sì ní dandan ni. Hítà, ní Abẹ́òkúta, nínú oṣù Kẹta! Omi tó wà láàárín dígírì 22 sí 24 Celsius ló dára fún ẹja yìí. Bó bá gbóná kọjá 26, kòkòrò àrùn bíi Vibrio á gbilẹ̀, ìrù àti ẹnu ẹja á bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Ẹ̀rọ tó ń mú omi tutù ni mo rà, ínfátà ni mo sì so ó mọ́ nítorí iná ọba.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ oko. Láti ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún ọdún 2004 ni gbogbo irú ẹṣin òkun ti wà lábẹ́ Àfikún Kejì àdéhùn CITES, àdéhùn àgbáyé lórí títa ẹranko àti ewéko tó nílò ààbò, wọn ò sì gbọ́dọ̀ kó o jáde ní orílẹ̀-èdè kan fún títà láìsí ìwé àṣẹ. Bó bá jẹ́ oko òkè òkun lẹ ti rà wọ́n lóòótọ́, ìwé náà ò lè ṣàì wà lọ́wọ́ yín. Irú kan wà ní etíkun tiwa níhìn-ín pẹ̀lú, Hippocampus algiricus, láti Senegal títí dé Angola. Bó bá jẹ́ inú àwọ̀n apẹja ni àwọn wọ̀nyí ti wá, ẹ sọ ọ́. Mo béèrè ìwé yìí lórí WhatsApp. Àwòrán ọwọ́ méjì tí wọ́n pa pọ̀ ni ọmọ yín fi dá mi lóhùn.

Mo fẹ́ kí ẹ dá owó yẹ́lò padà ní kíkún. Ti olómi ọsàn, ẹ dá iye tó fi ju ti dúdú lọ padà, torí àwọ̀ nìkan ni mo san ìyẹn fún. Ẹ dá owó hítà padà pẹ̀lú. Ó ṣì wà nínú páálí rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀dà ìwé àṣẹ tí mo wí ránṣẹ́, kí ẹ sì yọ “àwọ̀ wọn kì í yí” kúrò nínú ìpolówó yín. Ẹ má fi yẹ́lò mìíràn ránṣẹ́ sí mi láti fi bẹ̀ mí. Ẹni tó bá tún fẹ́ rà lọ́wọ́ yín, ẹ ya fídíò ẹja yẹn gan-an níbi tó ti ń jẹ mysis dídì, kí ẹ fi hàn án kó tó sanwó. Èyí tí kò bá jẹ ẹ́, ẹ má tíì tà á.

Bí mi ò bá gbúròó yín kí oṣù yìí tó parí, màá kó rìsíìtì àti fídíò wọ̀nyí lọ bá FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, lábẹ́ òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018. Àkáùntì tí mo fi sanwó ni kí ẹ san owó náà padà sí. Ẹni tó bá fẹ́ wá gba hítà lè bá mi ní ṣọ́ọ̀bù títí di ìrọ̀lẹ́, àfi ọjọ́ Ìsinmi.

Èmi ni oníbàárà yín,
Ìyá Aládìrẹ, Ìtòkú.