Ọjọ́ Sátidé lolè kó owó, Mọ́ńdè ni báńkì fẹ́ gbọ́

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Inú ló ń bí mi tí mo fi ń kọ èyí, mi ò sì ní fi bò. Báńkì ń yọ owó lára wa tọ̀sán tòru, wọn ò mọ ọjọ́ ìsinmi, àmọ́ tí olè bá wọ inú àkáǹtì ẹni lọ́jọ́ Sátidé wọ́n á ní ká wá ní Mọ́ńdè. Ṣé olè náà máa dúró de Mọ́ńdè ni?

Màmá kan wà tó ń ta gààrí àti èlùbọ́ ní Ọjà Ọba, l'Àkúrẹ́ níbí. Lọ́sàn-án Sátidé tó kọjá, ọjà ń lọ lọ́wọ́, ẹnì kan pè wọ́n lórí fóònù, Yorùbá tó dán mọ́rán lẹni náà ń sọ, "Màmá, ẹ kú ọjà o, láti báńkì yín ni, BVN yín fẹ́ di títì, ẹ ka nọ́ńbà ara káàdì ATM yín fún mi, nọ́ńbà mẹ́fà kan náà ń bọ̀ lórí fóònù yín báyìí, ẹ kà á fún mi ká lè bá yín tún un ṣe." Ó mọ orúkọ wọn, ó mọ báńkì wọn, kò sì yà mí lẹ́nu torí ara kádíbọ́ọ̀dù ni gbogbo ọlọ́jà ń kọ àkáǹtì sí fún kọ́sítọ́mà. Wọ́n kà á fún un. Kí wọ́n tó wọn gààrí ẹni tó wà níwájú wọn tán, àlááàtì ti ń wọlé tẹ̀léra tẹ̀léra, owó ń jáde. Owó tí wọ́n fẹ́ fi lọ kó ọjà ni o, owó àjọ àwọn ẹlòmíì náà sì wà ńbẹ̀.

Èmi àti ọmọ wọn la jọ ń pe nọ́ńbà báńkì. Tẹ 1, tẹ 2, ẹ dúró, orin. Orin ni wọ́n ń kọ sí wa létí, owó sì ń jáde! Ká tó rí ẹni gbé e, kò sí nǹkan kan mọ́, ẹni tó wá gbé e náà ní ká lọ sí bránǹṣì ní Mọ́ńdè. Mọ́ńdè pé, wọ́n ní ká kọ lẹ́tà, ká lọ gba ìwé lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, ká lọ búra ní kóòtù, ọ̀kan nínú wọn tún ń jágbe mọ́ màmá pé ṣebí àwọn ń kìlọ̀ lójoojúmọ́ pé kẹ́ ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní OTP, ìyẹn nọ́ńbà mẹ́fà tó ń wọlé sórí fóònù yẹn.

Ìkìlọ̀ wo? Òyìnbó wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù yẹn? Olè ń fi Yorùbá kí màmá kú ọjà, báńkì tó ń jẹ lára wọn ń fi Gẹ̀ẹ́sì kìlọ̀, ta ni wọ́n wá fẹ́ kí wọ́n gbọ́ tiẹ̀? Àwọn ìyá wa kọ́ ló sáré lọ sórí fóònù o. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 tí wọ́n pààrọ̀ owó tí náírà wọ́n bí ojú, èèyàn ò lè ra ata láìṣe tíransífáà, ìgbà yẹn ni gbogbo wọn kó síbẹ̀.

Àwọn ọ̀gá tó ń ṣòfin lókè lọ́hùn-ún náà, tó bá di ká yọ owó, wọ́n yá. Ní oṣù karùn-ún 2024 ni wọ́n ní kí báńkì máa yọ 0.5% lórí tíransífáà nítorí ààbò orí íntánẹ́ẹ̀tì, àfìgbà tí ariwo pọ̀ kí wọ́n tó jáwọ́. BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ báńkì tí wọ́n ní ká gbà láti 2014, wọ́n ní torí olè ni. Ó dáa, àkáǹtì tí owó màmá wọ̀ lóórúkọ, ó ní BVN, kí ló dé tí wọn ò tì í pa lọ́jọ́ Sátidé yẹn?

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún rèé. Báńkì púpọ̀ ló ní kóòdù téèyàn lè tẹ̀, kódà lórí fóònù kékeré tí ò ní dátà, tó máa ti àkáǹtì pa lójú ẹsẹ̀ tówó ò ní lè jáde mọ́. Ọmọ yunifásítì FUTA kan tó ń ṣe POS ló sọ fún wa, nígbà tí ọwọ́ ti bọ́. Kóòdù tí wọ́n fi ń ra kírẹ́díìtì, ọmọ kékeré mọ̀ ọ́n, torí wọ́n ń kígbe ẹ̀ káàkiri, èyí tó ń tilẹ̀kùn mọ́ olè ni wọ́n tọ́jú pamọ́! Kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sẹ́yìn káàdì ATM. Kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ṣọ́ọ̀bù gbogbo oní-POS. Kí rédíò Àkúrẹ́ àti Oǹdó máa kà á ní Yorùbá láàárọ̀ lálẹ́. Kí àwọn òṣìṣẹ́ báńkì tí wọ́n mọ ọ̀nà ọjà dáadáa nígbà tí wọ́n ń wá ẹni ṣí àkáǹtì tún padà síbẹ̀, kí wọ́n bá ìyálọ́jà sọ ọ́, kí wọ́n kọ ọ́ fún màmá kọ̀ọ̀kan sára kádíbọ́ọ̀dù yẹn náà, lábẹ́ nọ́ńbà àkáǹtì. Kó sì máa ṣiṣẹ́ látorí fóònù ẹlòmíì, torí fóònù tí wọ́n ti jí lọ ò ṣe é tẹ̀.

Kí wọ́n fi ẹni gidi sídìí fóònù ní Sátidé àti Sọ́ńdè. Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ wà nílé náà, ẹ fi PIN ti síìmù àwọn òbí yín, kí ẹni tó bá jí fóònù má lè fi síìmù náà sínú òmíì kó máa gba OTP.

Mánéjà tó bá ka lẹ́tà yìí ní Alágbàká tàbí lójú ọ̀nà Ọba Adésídà, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ̀rọ ATM tó wà lẹ́nu ọ̀nà yín ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ kóòdù yẹn sí i lára kó tó di Sátidé tó ń bọ̀.

Òǹkàwé yín,
Òkè-Àró, Àkúrẹ́