Ẹ má fi Ẹfúnṣetán mọ sí ìkà nìkan

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Láti Kétu ni mo ti ń kọ̀wé yìí, ọ̀rọ̀ kan ló ń dùn mí. Tá a bá ti dárúkọ Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ eré nípa ẹ̀, ìkà, ìkà lẹnu gbogbo èèyàn, òótọ́ sì ni, ó pa Adétutù ẹrú ẹ̀ torí pé ó lóyún, àmọ́ ta ló ń rántí pé ọmọbìnrin kan ṣoṣo tóun náà ní, orí ìkúnlẹ̀ ló kú sí nígbà tó fẹ́ bímọ? Ìtàn sọ ọ́ o, àwa tá a ń kà á la máa ń fò ó kọjá. Ẹ̀dùn ọmọ yẹn ò rí ibi gbà jáde, ló bá di ẹrù tí ọmọ ọlọ́mọ ń rù. Mi ò ní kẹ́ ẹ forí jì í. Ṣebí níbí, tá a bá ń jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ọkùnrin ló ń gbé ère igi sórí, tó ń di ìdí àti ọmú mọ́ra, kó lè tu àwọn ìyá wa alágbára lójú, torí a mọ̀ pé inú tó bí wọn ní ìdí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ìtàn kan síwèé ìròyìn yín tí ọmọbìnrin ti jókòó ti ìyá ẹ̀, tó bi í pé: Ìyá mi, kí ló ṣe yín gan-an kẹ́ ẹ tó bí mi?