Fáìlì ti wọlé, ṣé bálánsì ẹ̀ bá ti báńkì mu?

Ẹ̀yin olóòtú wa, mo kí yín o, ẹ kú iṣẹ́.

Mo ka èyí tẹ́ ẹ kọ lójú ewé owó yín pé kí ẹni tó bá ń fi Excel kọ owó tó ń wọlé àtowó tó ń jáde sílẹ̀ yáa kó gbogbo ẹ̀ sínú ápù ìṣirò owó, pé kò gba àkókò rárá, kéèyàn ṣáà yan fáìlì, kó tẹ “import”, ó parí. Mi ò bá yín jiyàn lórí ápù o, èmi náà ń lò ó, ó sì dáa ju kéèyàn máa wá ìlà kan láàárín ẹgbẹ̀rún ìlà lọ. Ibi tẹ́ ẹ ti ní “ó parí” yẹn lọ̀rọ̀ wà. Tí ápù bá gbé e sójú kọ̀ǹpútà pé òun ti kó ìlà 400 wọlé, gbogbo ohun tó ń sọ ò ju pé òun rí ìlà 400 kà lọ. Kò sọ pé òun kà á bó ṣe yẹ, kò sì lè mọ̀, torí òun kọ́ ló ná owó náà.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mú déètì, torí òun ló ń ba nǹkan jẹ́ jù tẹ́nikẹ́ni ò ní fura. Ẹ wo 03/04/2024 yìí. Lójú ará Amẹ́ríkà ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta ni, lójú ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ni, ọ̀pọ̀ ápù ò sì ní bi yín léèrè, bí wọ́n bá ṣe sẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ló ṣe máa kà á. Ó dìgbà tó bá kan 13/04/2024 kó tó rí i pé oṣù kẹtàlá ò sí, ibẹ̀ ló ti máa ké pé ẹ́rọ̀ wà, tàbí kó kàn fo ìlà yẹn kó máa lọ. Tó bá ké, ẹ dúpẹ́, ó ti ta yín lólobó. Ẹni tó jẹ́ pé gbogbo ìnáwó ẹ̀ bọ́ sáàárín ọjọ́ kìíní sí ọjọ́ kejìlá ńkọ́? Kò ní rí ẹ́rọ̀ kankan. Owó tó ná lọ́jọ́ kejìlá oṣù kẹrin á ti lọ bá a nínú oṣù kejìlá, á wá máa ṣe kàyéfì pé kí lòun rà.

Àbáyọ ẹ̀ ò le. Kẹ́ ẹ tó fi fáìlì yẹn pamọ́ bíi CSV, ìyẹn fáìlì ọ̀rọ̀ lásán tí ápù lè kà, ẹ máàkì kọ́lọ́ọ̀mù déètì, ẹ yí i sí 2024-04-03, ọdún ṣáájú, oṣù tẹ̀lé e, ọjọ́ gbẹ̀yìn. Ìlànà ISO 8601 nìyẹn, ó ti wà láti 1988. Ẹ sì jẹ́ ká mọ̀ pé nínú Excel, déètì ò ju nọ́ńbà lọ, ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1900 ni nọ́ńbà 1, ó wá ń kà á lọ bẹ́ẹ̀. Ó tiẹ̀ ka ọjọ́ 29 oṣù kejì 1900 mọ́ ọn, ọjọ́ tí ò sí láyé yìí, torí Lotus 1-2-3, ápù bíi Excel tó ti wà ṣáájú ẹ̀, ti kà á bẹ́ẹ̀, àwọn tó ṣe Excel ò sì fẹ́ kí fáìlì méjèèjì máa ta kora wọn. Excel orí Mac àtijọ́ ní tiẹ̀, 1904 ló ti bẹ̀rẹ̀ kíkà, nítorí náà tẹ́ ẹ bá rí i pé gbogbo déètì yín fi ọdún mẹ́rin àti ọjọ́ kan yàtọ̀, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Kì í ṣe àwa tá à ń ka owó nìkan nìyà yìí ń jẹ jàre, ní 2020 àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń fún jíìnì ara èèyàn lórúkọ yí orúkọ bíi MARCH1 àti SEPT1 padà torí pé béèyàn bá ti tẹ̀ ẹ́ sínú Excel báyìí, ó ti sọ ọ́ di ọjọ́ oṣù.

Owó fúnra ẹ̀ ńkọ́? Kọ́mà ni CSV fi ń ya kọ́lọ́ọ̀mù sọ́tọ̀, àwa náà tún ń fi kọ́mà sáàárín owó. Ẹ wo ìlà yìí:

2024-04-03,owó íntánẹ́ẹ̀tì,-1,250.00

Kọ́lọ́ọ̀mù mẹ́ta lojú yín rí, mẹ́rin ni ápù rí. Ó máa kọ ọ́ sílẹ̀ pé 1 péré lẹ san, 250.00 yẹn á lọ jókòó síbi tí ápù ti ń retí irú ìnáwó tó jẹ́. RFC 4180, ìwé ìlànà CSV tó jáde ní 2005, sọ pé ohun tó bá ti ní kọ́mà nínú, kí wọ́n fi àmì " dè é lọ́tùn-ún lósì, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ápù bíi Excel tàbí báńkì ló ń tẹ̀ lé e, èyí tó rọrùn jù ni kẹ́ ẹ yọ kọ́mà ẹgbẹ̀rún kúrò kó ku -1250.00. Ní Jámánì àti Faransé, kọ́mà ni wọ́n ń lò níbi táwọn mìíràn ti ń lo àmì (.) ṣáájú kọ́bọ̀, ìdí nìyẹn tí CSV ọ̀dọ̀ wọn fi sábà máa ń fi sẹmikólọ̀nù (;) ya kọ́lọ́ọ̀mù.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mínọ́sì. Báńkì kan á ya owó tó wọlé àtowó tó jáde sí kọ́lọ́ọ̀mù méjì, òmíràn á kó o sínú ẹyọ kan kó fi mínọ́sì sáájú èyí tó jáde, àwọn kan á fi sínú àkámọ́, (1250.00), báwọn akáwó ṣe máa ń kọ ọ́. Tí ápù ò bá mọ èyí tẹ́ ẹ gbé wá, owó tẹ́ ẹ ná á di owó tẹ́ ẹ gbà. Ọgbọ́n kan wà táwọn akáwó ti ń lò kí kọ̀ǹpútà tó dé: ẹ wo iye tí bálánsì tiyín fi yàtọ̀ sí ti báńkì, ẹ pín in sí méjì, kẹ́ ẹ wá iye tó bá jáde nínú àwọn ìlà yín, tẹ́ ẹ bá rí i, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ mínọ́sì ibẹ̀ ló sọnù. Tí ìyàtọ̀ yẹn bá sì ṣeé fi 9 pín láìṣẹ́kù, ẹ wá ibi tí nọ́ńbà méjì ti gba ipò ara wọn, bíi 54 tẹ́nì kan tẹ̀ sí 45, ìyẹn wọ́pọ̀ nínú àkọsílẹ̀ téèyàn fọwọ́ ara ẹ̀ tẹ̀.

Ìlà tó wọlé lẹ́ẹ̀mejì tún wà. Ẹ dáúnlóòdù oṣù kẹta títí dé ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹrin, nígbà tó yá ẹ tún dáúnlóòdù gbogbo oṣù kẹrin, ọjọ́ márùn-ún ti di ìlọ́po méjì nìyẹn. Fáìlì OFX, irú èyí tí báńkì lè fi gbé àkọsílẹ̀ owó fún ápù, tí iléeṣẹ́ Microsoft, Intuit àti CheckFree jọ gbé jáde ní 1997, ní tiẹ̀ ní nọ́ńbà fún owó kọ̀ọ̀kan, FITID ni wọ́n ń pè é, ápù á ní òun ti rí nọ́ńbà yìí rí, kò ní gbà á mọ́. CSV ò sábà ní irú ẹ̀. QIF, fáìlì àtijọ́ ti ápù owó Quicken, náà ò ní in, lẹ́tà ló fi ń bẹ̀rẹ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan: D fún déètì, T fún iye, P fún ẹni tẹ́ ẹ sanwó fún, àmì ^ láti fi pa á dé, ó tán. Ápù á wá máa méfò: déètì kan náà, iye kan náà, á ní ìkan náà ni. Ẹni tó bá wọkọ̀ lọ wọkọ̀ bọ̀ lọ́jọ́ kan náà níye kan náà, ápù lè gé ìkan dànù, á sì tún ní òun ń ràn án lọ́wọ́ ni!

Owó tẹ́ ẹ gbé láti àkáǹtì yín kan sí ìkejì ńkọ́, ó máa wà nínú fáìlì méjèèjì, ápù á kà á sí ìnáwó níbí, á kà á sí owó tó wọlé lọ́hùn-ún. Ápù ìṣirò owó GnuCash ni mo fẹ́ràn jù lórí èyí, torí níbẹ̀ owó ò gbọdọ̀ ti ibì kan jáde láìdé ibì kan, èyí tí ò bá mọ ibi tó lọ á kó o sínú àkáǹtì Imbalance (àìdọ́gba), ojú yín á sì máa rí i pé iṣẹ́ ṣì kù.

Èmi ò gba ẹ̀rí míì ju bálánsì lọ ṣá. Ẹ mú bálánsì tí oṣù fi bẹ̀rẹ̀, ẹ ro owó tó wọlé mọ́ ọn, ẹ yọ èyí tó jáde, ó gbọ́dọ̀ bá ti ìwé báńkì mu láìku kọ́bọ̀. Oṣù kan péré ni kéèyàn kọ́kọ́ kó wọlé. Tí kò bá mu, ẹ pa gbogbo ẹ̀ rẹ́ nínú ápù, ẹ tún fáìlì ṣe, ẹ tún un kó wọlé, ẹ má jókòó ti ápù kẹ́ ẹ máa tún un ṣe níkọ̀ọ̀kan torí fáìlì yẹn ṣì wà bó ṣe wà, ó ń dúró dè yín.

Ẹ tún ní kí wọ́n pa Excel rẹ́ tí wọ́n bá ti kó o tán. Háà, ẹ jọ̀ọ́ o! Microsoft dá títà Money, ápù owó tiwọn, dúró ní 2009, Intuit ti Mint, ápù owó tiwọn náà, pa ní 2024, àwọn tó ń lò ó ní láti kó ẹrù wọn sínú CSV kiri. Fáìlì tó wà lọ́wọ́ yín ni tiyín.

Àwọn báńkì náà ní tiwọn, àfi ká máa pariwo lé wọn lórí. Èyí tí mò ń lò, PDF ló ń fúnni, tó bá sì fẹ́ ṣoore tó fúnni ní CSV, á ti kó orúkọ àti àdírẹ́sì dí ìlà márùn-ún òkè, ápù á máa wá déètì nínú àdírẹ́sì. Kí ló dé tí wọn ò lè fi OFX síbẹ̀? Tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ kọ nípa ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi wọ́n, kẹ́ ẹ sì tẹ ìlà bíi mẹ́wàá nínú fáìlì gidi síbẹ̀, tòun ti bálánsì ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí, káwọn èèyàn lè gbìyànjú ẹ̀ wò.

Èmi ni òǹkàwé yín.