Kọ̀ǹpútà wúlò ní kíláàsì, bí kò tiẹ̀ sí dátà

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ìṣirò ni mí ní Abẹ́òkúta níbí. Ọ̀pọ̀ òbí gbà pé bí kò bá sí íntánẹ́ẹ̀tì, kọ̀ǹpútà ò wúlò fún ọmọ ní kíláàsì. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọ̀fẹ́ ni GeoGebra, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ya àwòrán ìṣirò. Téèyàn bá ti gbé e sórí kọ̀ǹpútà tán, kò béèrè dátà mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fi ya ìlà y = x², mo sì fi pirojẹ́kítọ̀ gbé e sára ògiri. Mo dín nọ́ńbà iwájú x² kù láti 1 sí 0.2, ìlà náà bá lanu gbàgàdà bí igbá. Ọmọbìnrin kan tí kì í dáhùn ìbéèrè dìde fúnra rẹ̀: "Mà, ẹ jẹ́ kí èmi náà yí i wò."

Ètò kan tó ń jẹ́ Kiwix náà wà: téèyàn bá ti gbé Wikipedia sórí kọ̀ǹpútà, ó ń jẹ́ ká kà á, títí kan ti Yorùbá, láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Iná gan-an ni ìṣòro wa. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde, mo bẹ̀ yín, kí ẹ tó kun géètì ilé ẹ̀kọ́ yín lọ́dún yìí, ẹ ra sólà àti bátìrì fún kíláàsì kan ná.

Èmi ni,
Olùkọ́ ìṣirò kan,
Àsẹ̀rò, Abẹ́òkúta.