Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́: ohun tí mò ń kọ́ lórí pápá gọ́ọ̀fù

Òkè-Ìlewó,
Abẹ́òkúta.

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú òtútù o, ẹ̀yin ará Dundee. Ṣé àwọn ọmọ ń gbádùn? Bàbá wọn ńkọ́, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Àlàáfíà la wà níbí. Màmá ní kí n kí ọ dáadáa, wọ́n ní ọwọ́ àwọn tẹ ìpara orúnkún tí o fi ránṣẹ́, ó sì ń bá àwọn lára mu. Wọ́n ti ń dá rìn dé ẹnu géètì báyìí.

Fọ́tò tí o yà ní St Andrews wọlé sórí fóònù mi, kò sì sí ẹni tí n kò fi hàn. O ní ó yà ọ́ lẹ́nu pé ìwọ àti àwọn ọmọ rìn káàkiri orí Old Course, pápá gọ́ọ̀fù àtijọ́ tó wà níbẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò dá yín dúró. Ọjọ́ Àìkú lẹ lọ ni. Wọn kì í gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, àfi bí ìdíje ńlá bá wà. Ará ìlú ló ni pápá lọ́jọ́ náà, tọmọdé tàgbà. Orí ilẹ̀ tí ẹ̀ ń tẹ̀ yẹn ni àṣà gbígbá gọ́ọ̀fù sí ihò 18 ti ṣẹ̀. Ihò 22 ni wọ́n máa ń gbá níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọdún 1764 ni wọ́n dín in kù sí 18, tí gbogbo ayé wá ń tẹ̀ lé wọn títí dòní.

Ìbéèrè tí o bi mí kí nẹ́tíwọ̀kì tó já ni mo fẹ́ dáhùn. O ní, "Àdùnní, ìgbà wo lo máa wá kọ́ gọ́ọ̀fù yìí tán?" Mo mọ̀ pé ìfẹ́ lo fi bi mí. Mo rò ó títí, mo wá rí i pé n kò lè dáhùn rẹ̀ lórí WhatsApp.

Ohun kan ṣoṣo ni mò ń kọ́: kí ojú ọ̀pá mi kọ sí ibi tó yẹ nígbà tó bá kan bọ́ọ̀lù. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdajì ọ̀kan nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá ni ọ̀pá fi ń kan bọ́ọ̀lù. Kí o tó ṣẹ́jú, ó ti parí. Kò sí ohun tí èèyàn lè ṣe láàárín ìgbà yẹn láti tún un ṣe. Gbogbo ohun tí ara bá ti ṣe ṣáájú, láti ìgbà tí ẹsẹ̀ ti dúró tí ọwọ́ sì ti di ọ̀pá mú, ló ń fara hàn níbẹ̀. Ìdí tí mo fi ní sùúrù fún un nìyẹn.

Bọ́ọ̀lù mi máa ń yà sọ́tùn-ún. Yóò gbéra bí ẹni pé ó ń lọ tààrà, tó bá dé àárín ọ̀nà yóò tẹ̀, yóò sì wọgbó lọ. Slice là ń pè é, ó sì ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a kì í fi gọ́ọ̀fù jẹun. Gbogbo èèyàn ló ní oògùn rẹ̀. Ẹnì kan á ní mò ń tètè gbé orí sókè. Ẹlòmíràn á ní kí n rọra. Ẹ̀kẹta á ní kí n dojú kọ òsì, kí yíyà náà lè gbé bọ́ọ̀lù padà sí àárín. Ìmọ̀ràn kẹta yìí ló burú jù, torí bí mo bá ṣe dojú kọ òsì tó ni ọ̀pá mi á ṣe máa ti ìta, apá tó jìnnà sí ara mi, gé wọlé tó, bọ́ọ̀lù á sì túbọ̀ máa yà sọ́tùn-ún. Mo ti pinnu pé n kò ní gba àtúnṣe lẹ́nu ẹni tí n kò bi. Mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, màá sì padà sídìí iṣẹ́ tí olùkọ́ mi gbé fún mi.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ nípa olùkọ́ mi. Bàbá Kóòṣì ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n, wọ́n ti pẹ́ ní Abẹ́òkúta débi pé wọ́n ń sọ Ẹ̀gbá ju èmi lọ. Kádì ni wọ́n nígbà èwe wọn. Wọ́n ń ru àpò ọ̀pá fún àwọn ọ̀gá láti ihò kìíní títí dé ìkejìdínlógún, wọ́n ń wo bí oníkálukú ṣe ń na ọ̀pá, wọ́n sì ń fi ọ̀pá tí wọ́n bá yá wọn gbìdánwò nígbà tí pápá bá dá. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun ní Nàìjíríà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó ń dùn mí, Àbẹ̀kẹ́, pé títí di òní àwọn kan ṣì ń wo irú wọn bí alárù lásán. Ojú tó ti wo ẹgbàágbèje èèyàn tó ń gbá bọ́ọ̀lù, láti ẹ̀yìn àti láti ẹ̀gbẹ́, ojú yẹn mọ ohun tí fídíò kò lè kọ́ni. Mo máa ń san owó wọn kí n tó gbá bọ́ọ̀lù kan, mo sì máa ń bá wọn sọ̀rọ̀ bí mo ṣe ń bá bàbá mi sọ̀rọ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n lọ ẹfun kúnná, wọ́n fi pa ojú ọ̀pá mi, wọ́n ní kí n gbá. Àpá bọ́ọ̀lù hàn kedere lórí ẹfun náà. Wọ́n wá ní kí n má wo ibi tí bọ́ọ̀lù balẹ̀ sí mọ́, kí n wo ibi tó kọ́kọ́ dorí kọ. Ibi tí ojú ọ̀pá bá kọ sí ni bọ́ọ̀lù máa ń gbéra lọ. Tí ojú ọ̀pá bá wá ṣí sọ́tùn-ún ju ọ̀nà tí ọ̀pá fúnra rẹ̀ ń gbà kọjá, bọ́ọ̀lù yóò máa yí lójú òfuurufú, yóò sì yà sọ́tùn-ún. Òdìkejì èyí ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ fi ń kọ́ni láyé àtijọ́. Wọ́n gbà pé ọ̀nà tí ọ̀pá ń gbà ló ń darí bọ́ọ̀lù níbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ rédà tó ń tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù ló tú u fó. Bàbá Kóòṣì kò ní rédà, ẹfun ni wọ́n ní, ibì kan náà ni wọ́n sì dé.

Látibẹ̀ la ti bọ́ sórí ọwọ́. Ọwọ́ òsì mi wà lábẹ́ ọ̀pá jù, oríkèé ìka kan péré ni mò ń rí tí mo bá wolẹ̀. Wọ́n yí i títí mo fi rí méjì. Ó ṣàjèjì sí mi lára débi pé mo rò pé ọ̀pá náà máa bọ́ dànù. Wọ́n tún ní mò ń fún un pọ̀ jù. Wọ́n ní ṣé mi ò gúnyán rí ni, pé ẹni tó bá fún ọmọ odó pa kò ní gún dé àárín iyán kí apá rẹ̀ tó kú, torí ìwúwo ọmọ odó ló ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ kàn ń tọ́ ọ sọ́nà ni. (Ìwọ náà mọ̀ pé láfún la jẹ dàgbà nílé wa, ṣùgbọ́n ó yé mi.) Láti ọjọ́ yẹn ni àárẹ̀ ti kúrò ní ìgbọ̀nwọ́ mi.

Ọ̀nà tí ọ̀pá ń gbà ló wá le jù. Tí mo bá gbé ọ̀pá dókè, èjìká mi ló máa ń kọ́kọ́ sáré wálẹ̀, ọ̀pá á sì ti ìta gé bọ́ọ̀lù kọjá. Ẹsẹ̀ àti ìbàdí ló yẹ kó ṣáájú, kí apá máa tẹ̀ lé wọn bọ̀. Bàbá Kóòṣì gbé ike omi òfìfo kan sílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀lù, lápá ìta. Tí èjìká mi bá ṣáájú, ike ni màá gbá. Tí mo bá fi ìbàdí bẹ̀rẹ̀, ọ̀pá á ti inú wá, ike á wà níbi tó wà. Kò sí ẹni tó ní láti bá mi wí. Ike náà ti sọ ọ́.

Wọ́n wá ní kí n má gbá bọ́ọ̀lù rárá fún sáà kan. Lálẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ, mo máa ń dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níwájú dígí pẹ̀lú iron 7, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀pá onírin mi, máa ká gèlè àdìrẹ ògbólógbòó kan tí mo rà ní Ìtòkú nígbà kan, máa há a sí abíyá òsì. Màá gbé ọ̀pá sókè díẹ̀díẹ̀, màá mú un wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tí àdìrẹ bá bọ́, apá mi ti kúrò lára mi nìyẹn, màá tún un bẹ̀rẹ̀. Ọkọ mi ti mọ̀ pé kí òun kọ́kọ́ wúkọ́ kí òun tó yọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo fẹ́ràn àkókò yẹn gan-an. Ẹ̀sọ̀ tí mo fi ń ṣe é jẹ́ kí n mọ ibi tí ìwúwo ara mi wà, kí n mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ òsì ti gbà á àbí kò tíì gbà á. Tí mo bá ń fi agbára gbá bọ́ọ̀lù, n kì í mọ ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí.

Mi ò ní pa á mọ́ fún ọ, ó le níbẹ̀rẹ̀. Handicap mi, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń díwọ̀n bí èèyàn ṣe ń gbá sí, tó jẹ́ pé bó bá ṣe kéré tó ló ṣe dára tó, lọ sókè. Láti ọdún 2020 tí gbogbo ayé ti ń lo ìlànà kan náà, èsì 8 tó dára jù nínú 20 tí èèyàn gbá kẹ́yìn ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀, nítorí náà bí mo ṣe ń tún swing mi, ìyẹn bí mo ṣe ń na ọ̀pá, ṣe ni àwọn èsì mi tó dára ń kúrò nínú ìṣirò, àwọn tí kò dára ló sì ń rọ́pò wọn. Àwọn kan ní kí n padà sí ti àtijọ́. Bàbá Kóòṣì rán mi létí Tiger Woods, agbágọ́ọ̀fù ará Amẹ́ríkà nì. Lọ́dún 1997, ọmọ ọdún 21 ni nígbà tó fi àlàfo ìgbá 12 borí nínú ìdíje Masters. Síbẹ̀ òun àti Butch Harmon tó ń kọ́ ọ tú swing yẹn palẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló borí nínú PGA Tour, ọ̀wọ́ ìdíje àwọn tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun ní Amẹ́ríkà, ní 1998. Nígbà tó di 2000, àlàfo ìgbá 15 ló fi gba ìdíje U.S. Open. Kì í ṣe pé mo fi ara mi wé e. Ohun tí mo rí dì mú níbẹ̀ ni pé àkókò tí nǹkan fi ń burú wà lára iṣẹ́ náà.

Ilẹ̀ Abẹ́òkúta tún ní tirẹ̀. O mọ̀ pé ìlú wa kò tẹ́jú, àfi òkè àti kòtò. Tí bọ́ọ̀lù bá wà lókè ju ẹsẹ̀ èèyàn lọ, òsì ló máa ń fẹ́ lọ; tó bá wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀, á fẹ́ lọ sọ́tùn-ún. Bọ́ọ̀lù mi á lọ tààrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè, inú mi á dùn, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ ló bá mi tún un ṣe. Nítorí náà mo máa ń wá ibi tó tẹ́jú jù kí n tó gba ohunkóhun gbọ́.

Ó ti ń dára báyìí. Handicap tó jẹ́ 27 kí a tó bẹ̀rẹ̀ ti wá di 23. Driver ṣì ń yà díẹ̀, torí òun ló gùn jù, ohun tó kù díẹ̀ káàtó á hàn lára rẹ̀ ju ti àwọn ọ̀pá kúkúrú lọ. Ṣùgbọ́n iron 7 mi ń lọ tààrà, nígbà míì ó ń tẹ̀ sósì díẹ̀ kó tó balẹ̀. Ìró rẹ̀ pàápàá ti yàtọ̀. Àbẹ̀kẹ́, mo fẹ́ kí o gbọ́ ìró yẹn.

Bàbá Kóòṣì fẹ́ràn láti máa sọ fún mi pé Ikòyí ni Sandy Lyle ará Scotland yín ti gba ìdíje àkọ́kọ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun, Nigerian Open ti 1978, kó tó wá gba The Open ní 1985 àti Masters ní 1988. Mo ṣèlérí pé màá sọ fún ọ, kí o lè fi yangàn fún àwọn ará ibẹ̀.

Mo ní ẹ̀bẹ̀ méjì. Yàtọ̀ sí Old Course, pápá mẹ́fà mìíràn ló wà ní St Andrews tí ará ìlú lè lò. Èyí tó ń jẹ́ Balgove, ihò mẹ́sàn-án péré ni, ti àwọn ọmọdé àti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Jọ̀wọ́, mú àbíkẹ́yìn rẹ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kan tí òjò kò bá rọ̀. Má kọ́ ọ ní ohunkóhun, jẹ́ kó kọ́kọ́ gbádùn kí ọ̀pá máa kan bọ́ọ̀lù. Lẹ́yìn náà kí ìwọ náà gbìyànjú.

Ẹ̀kejì ni ìbọ̀wọ́. Tọwọ́ òsì nìkan ni kí o rà, ti obìnrin, èyí tó kéré. Ra mẹ́ta, torí òógùn kì í jẹ́ kó pẹ́ lọ́wọ́ mi. Tí ẹ bá ń bọ̀ ní Disẹ́ńbà, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin láti Èkó, kí ẹ sọ̀ ní ibùdókọ̀ Wọlé Ṣóyínká ní Láderin; màá wá fi mọ́tò gbé yín níbẹ̀. Fi àkókò tí ẹ máa dé ránṣẹ́ sí mi kí n lè sọ fún Bàbá Kóòṣì, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ẹfun pa ojú ọ̀pá fún ìwọ náà.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ.

Èmi ni tìrẹ,
Àdùnní.