Ẹ̀rín ló lè pa oògùn owó nínú sinimá, òfin nìkan ò tó

Sí Olóòtú,

Láti ọdún 2024 tí àjọ tó ń yẹ fíìmù àti fídíò wò lórílẹ̀-èdè yìí ti kéde òfin pé kí ẹnikẹ́ni má gbé oògùn owó lárugẹ mọ́ nínú fíìmù, nínú fídíò orin tàbí nínú skit, ohun tí ọ̀pọ̀ òbí ń sọ ni pé kí wọ́n fòfin de irú eré bẹ́ẹ̀ pátápátá, kí ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Ìbẹ̀rù wọn tọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí òfin lè ṣe ni kó gé ìran kan kúrò. Ìgbàgbọ́ tó wà lọ́kàn òǹwòran pé oògùn owó ń jẹ́, òfin ò lè gé ìyẹn. Ẹ̀rín ló lè gé e, ọwọ́ àwa tí a ń kọ eré tí a sì ń ṣe é ni ẹ̀rín náà wà.

Ẹ gbé aago sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ máa ka ìṣẹ́jú. Nínú eré oògùn owó tó gùn tó ìṣẹ́jú 90, kì í ṣòro láti rí i kí nǹkan bí ìṣẹ́jú 60 lọ sórí ọkọ̀ bọ̀gìnnì, ilé alájà, òde ìnáwó àti owó tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ olórin níwájú orí. Ìyà kì í dé àfi nínú bí ìṣẹ́jú 10 tó kẹ́yìn: ọkùnrin náà á ya wèrè, á já sọ́jà, eré á parí. Bí wọ́n bá wá pín in sí apá kìíní àti apá kejì, apá kejì ni ìyà náà máa ń bọ́ sí, ẹni tí kò bá wo apá kejì kò rí ìyà kankan. Èyí tó burú jù ni ohun tó fa ìyà náà. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n á ní ó rú èèwọ̀ ni: ó jẹ ohun tí wọ́n ní kó má jẹ, tàbí kò mú ẹran ọdún wá lásìkò. Kí ni ọmọ ọdún 16 máa mú lọ sílé nínú ìyẹn? Á mú un lọ pé oògùn náà jẹ́, ẹni tó lò ó ni kò ṣọ́ra.

Ìdí tí eré fi ń rí báyìí kò jìnnà. Ìran ojúbọ rọrùn láti yà. Aṣọ pupa, igbá, owó ẹyọ, ẹfun, osùn, dígí kan àti èéfín díẹ̀ ti tó o. Òṣèré tó bá gbọ́ ọfọ̀ lè pe é fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìwo ìwé, ẹgbẹ́ tí ọjọ́ rẹ̀ kò pọ̀ níbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù á sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè fi àìwo ìwé pa ẹni lẹ́rìn-ín fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí wọn ò bá kọ ẹ̀fẹ̀ sílẹ̀, òṣèré á wá ohun tó sún mọ́ ọn jù: á sín akólòlò jẹ, á fi arọ ṣe yẹ̀yẹ́, á yí ohùn padà bí ẹ̀yà mìíràn. (Ó tún kù kan: gbogbo ẹni tó bá jókòó ti igbá nínú fíìmù ni wọ́n ń pè ní babaláwo. Babaláwo ni ẹni tó kọ́ Ifá fún ọdún púpọ̀ títí ó fi mọ̀ ọ́n. Adáhunṣe jìbìtì tó ní òun lè fi ènìyàn ṣowó kì í ṣe babaláwo, ó yẹ kí ìwé eré pè é ní orúkọ rẹ̀.)

Eré ṣíṣe kò bá wa lójijì. Lálẹ́ tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ máa jó ku ọ̀la, Ẹ̀fẹ̀, eégún olórin ẹ̀fẹ̀, á jáde, á fi orin bú olè, á bú ìjòyè tó lójúkòkòrò, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ bá a jà nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Agbára tó wà nínú eré ló jẹ́ kí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de Hubert Ògúndé àti ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ lọ́dún 1964 lórí eré rẹ̀, Yorùbá Ronú, ó sì di ọdún 1966 lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Títí dòní, orúkọ eré náà ṣì wà lẹ́nu àwọn ènìyàn.

Ní ti oògùn owó gan-an, Bàbá Sàlá, aláwàdà tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ Moses Ọláìyá, ti fi ọ̀nà hàn wá. Nínú fíìmù rẹ̀ Ọ̀run Móoru, tí Ọlá Balógun darí lọ́dún 1982, Làmídì tí òun fúnra rẹ̀ ṣe ni oníṣòwò tí nǹkan ti ṣẹnuure fún rí. Adáhunṣe jìbìtì kan ṣèlérí fún un pé owó máa kún inú àgbá, gbogbo ohun tó ní sì bá ìlérí náà lọ. Ẹ wo ibi tí ìyàtọ̀ wà: oògùn náà kò jẹ́. Ẹni tó wo eré yẹn kò bẹ̀rù adáhunṣe nígbà tó parí, ojúkòkòrò ló kọ́ bó ṣe ń bẹ̀rù. Ó dunni pé àwọn afàdàkọ jí fíìmù náà ta, tí èrè rẹ̀ fi bọ́ mọ́ Bàbá Sàlá lọ́wọ́.

Báwo la ṣe lè kọ irú rẹ̀ lónìí? Ẹ jẹ́ ká mú ìran kan. Òjò ń rọ̀. Adáhunṣe jókòó, abọ́ tánganran wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń gba omi tó ń jò láti orí òrùlé. A ti ń gbọ́ “tó, tó, tó” kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu. Ó sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà pé: “Kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́, owó á kún yàrá rẹ kan àjà.” Ọmọ náà gbójú sókè wo òrùlé, ó rọra sún àpótí rẹ̀ kúrò lábẹ́ omi. “Ẹ ṣeun, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ mú díẹ̀ níbẹ̀ ra páànù.” Bàbá ní: “Èèwọ̀ ni! Ẹni tó ń ṣe é kì í jẹ níbẹ̀.” Ọmọ náà dákẹ́, ó ro ó. “₦200,000 tí ẹ ní kí n mú wá ńkọ́, bàbá? Ìyẹn ò léèwọ̀?”

Ìdí tí ìran yìí á fi múni rẹ́rìn-ín ni pé òǹwòran ti rí omi kí ọmọ náà tó sọ̀rọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ mọ ìbéèrè náà. Ọmọ náà kò bú àgbà, “ẹ” ló ń lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, nítorí náà ìyá tó jókòó nílé kò ní bínú sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọ̀rọ̀ náà sì gòkè: ojú tó wòkè, páànù, owó. Bí ẹ bá fi ìkẹrin kún un, á rọ.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ pọ̀ díẹ̀. Ẹni tó di kámẹ́rà mú máa ń dúró sí ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀, nígbà tó jẹ́ pé ojú adáhunṣe tí ìbéèrè bá lẹ́nu ló yẹ ká rí. Ẹ fi ìṣẹ́jú àáyá méjì dákẹ́jẹ́ẹ́ síbẹ̀ kí ìran tó yí. Òṣèré tó bá rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ti gba ẹ̀rín náà lọ́wọ́ òǹwòran. Ẹ má ṣe fi ohùn ìpayà sábẹ́ ìran ojúbọ, nítorí orin yẹn ni ó ń sọ fún ọmọdé pé agbára wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó gbọ́ omi tó ń kán. Bí jẹnẹrétọ̀ bá wá ń pariwo lẹ́yìn ilé, ẹ pa á kí ẹ tó ya ìran náà, torí omi ni ẹ̀fẹ̀ náà wà. Ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń kọ sísàlẹ̀ àwòrán náà kì í ṣe ohun kékeré: bí “₦200,000” bá ti jáde lójú kí òṣèré tó dákẹ́, kó tó ro ó tán, ẹni tó ń ka ìtumọ̀ ti gbọ́ ẹ̀fẹ̀ ṣáájú ẹni tó ń sọ ọ́. Ẹ pín in sí méjì, kí ìdajì kejì dúró de ẹnu rẹ̀.

Àwọn tó ń ṣe skit lè ṣe èyí ju wa lọ pàápàá, torí ìran kan péré ni wọ́n ń wá, ìṣẹ́jú méjì sì tó o.

Ààlà kan wà tí kò yẹ ká kọjá. Ìlérí adáhunṣe àti ojúkòkòrò ẹni tó wá a lọ ni ká máa rín. A kò gbọdọ̀ rín ẹni tí wọ́n pa. Nínú ọ̀pọ̀ eré wa, ọmọbìnrin tí wọ́n fi ṣoògùn kì í lórúkọ. Á kọjá lójú títì, wọ́n á gbé e, ó parí. Ẹ fún un ní ìran mẹ́ta kó tó kan ìyẹn: ẹ jẹ́ ká mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ká gbọ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń pè é, ká rí ohun tó fẹ́ ṣe ní Sátidé tó ń bọ̀. Lẹ́yìn tó bá ti kú, ẹ jẹ́ kí àwo oúnjẹ rẹ̀ ṣì wà lórí tábìlì nílé.

Ẹ̀bẹ̀ wa sí àjọ náà ni pé kí wọ́n máa ka ìṣẹ́jú bí wọ́n bá ń yẹ fíìmù wò: mélòó ló lọ sórí afẹ́ owó náà, mélòó ló lọ sórí ẹni tí wọ́n pa, ṣé oògùn náà jẹ́ tàbí kò jẹ́? Ẹ̀bẹ̀ wa sí ẹ̀yin, Olóòtú, ni pé kí ojú ewé tí ẹ fi ń sọ̀rọ̀ àwọn òṣèré máa dárúkọ ẹni tó kọ eré pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé yín mọ ìyàwó tí òṣèré ń fẹ́ àti ọkọ̀ tó rà, kò sì sẹ́ni tó sọ orúkọ ẹni tó jókòó kọ ọ̀rọ̀ tí òṣèré náà sọ fún wọn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkọ̀wé eré kan,
Ìbàdàn