Mi ò padà sí ọmọ ogún ọdún

Ẹnìkejì mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ṣé àlàáfíà lo wà? Orúnkún ńkọ́? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ikọ́ yẹn ti dá? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Má bínú pé lẹ́tà mi rí gbàǹgbà gbàǹgbà lórí ìwé. Ojú ló fà á, màá dé orí ìyẹn.

Gbólóhùn kan wà nínú lẹ́tà rẹ tí mo ti ń kà lákàtúnkà. O ní ká ní Ọlọ́run lè dá ọ padà sí ọmọ ogún ọdún, ì báà ṣe fún ọ̀sẹ̀ kan péré, o ò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ìwọ? Ìwọ tí a jọ wà níbẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, tí wọ́n bá ń pe orúkọ àwọn tó fẹ́ padà, kí wọ́n fo tèmi. Mi ò lọ. Inú mi dùn pé mo ti kúrò níbẹ̀, mi ò sì fi ọ̀rọ̀ náà tu ara mi nínú.

Ẹ̀rín wa ni gbogbo ayé ń rí nígbà yẹn. Ìwọ lo mọ bí mo ṣe máa ń dúró sẹ́nu géètì lọ́sàn-án gangan, tí mò ń tú okùn bàtà mi tí mo tún ń dè é, nítorí pé ẹni tó ń pín lẹ́tà lè kọjá. Ìwọ lo mọ ọjọ́ tí Ẹlẹ́wù Búlúù kọjá lára wa tí kò kí wa, tí mi ò jẹ́ kó o sùn mọ́jú: kí ni mo ṣe, ṣé irun mi ni, ṣé ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́sí ni? Ìgbà tó di ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà la ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé ojú rẹ̀ kì í ríran jìnnà! Ti orí afárá, mi ò ní dá a sílẹ̀ nínú lẹ́tà.

Nígbà yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá lọ ló lè gba àlàáfíà lọ́wọ́ mi, kó gbé e lọ sílé rẹ̀, kó má tiẹ̀ mọ̀ pé òun gbé nǹkan kan. Mo lè wà láàárín èrò kí n má gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ń sọ, nítorí pé ohùn kan ṣoṣo ló wà létí mi: ṣé mo jókòó dáadáa, ṣé wọ́n ń wò mí, kí ló dé tí wọn ò wò mí? Báyìí, mo máa ń wọlé, mo máa ń jókòó, mo sì ń gbọ́ èèyàn. Ọ̀rẹ́ mi, o ò mọ bí àwọn èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ tó dùn tó! Ibo ni mo wà ní gbogbo ìgbà tí wọ́n ti ń sọ ọ́?

Wọ́n máa ń yin àgbà pé ohun tó rí ní ìjókòó, bí ọmọdé dúró kò lè rí i. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọgbọ́n ni mò ń yọ̀ lé lórí. Ìsinmi ni.

Ọmọ-ọmọ mi tó wà ní yunifásítì ló sọ ìtàn kan fún mi. Sophocles, ará Gíríìsì àtijọ́ tó ń kọ eré orí ìtàgé, tó sì lò tó nǹkan bí 90 ọdún láyé, ẹnì kan bi í nígbà ogbó rẹ̀ pé ṣé ó ṣì lè bá obìnrin ṣe. Ó ní kí onítọ̀hún dákẹ́, pé inú òun dùn gidigidi pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ nǹkan yẹn, bí ẹni tó sá kúrò lọ́wọ́ ọ̀gá tó rorò tó tún ya wèrè. Plato ló kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì ti lé ní 2,300 ọdún báyìí. Nígbà tí ọmọ náà sọ ọ́ tán, mo ní kó tún un sọ. Mi ò bá bàbá yẹn dé òpin ọ̀rọ̀ rẹ̀ o. Ìfẹ́ kọ́ ni ọ̀gá burúkú náà lójú tèmi. Èmi àti bàbá ilé mi ṣì ń di ara wa lọ́wọ́ mú tí a bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó sì dùn mọ́ mi ju gbogbo ohun tí mo fi omijé wá lọ nígbà yẹn. Ẹ̀rù tó wà nínú rẹ̀ ni mo bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀: pé tí ẹni yìí ò bá fẹ́ mi, mi ò jẹ́ nǹkan kan mọ́.

Ọmọ yẹn gan-an ló ń jẹ mí lọ́kàn. Ọ̀dọ̀ wa ló ń gbé báyìí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún 19, ó mọ̀wé, ó rẹwà, kò sì sí èyí tó gbà gbọ́ nínú méjèèjì. Lálẹ́ ọjọ́ Sátidé tó kọjá, mo rí i níwájú dígí, ó ń ya fọ́tò ara rẹ̀. Á yà á, á wò ó, á pa á rẹ́, á yí ọrùn díẹ̀, á tún yà á. Ó pẹ́ kó tó fi ẹyọ kan ránṣẹ́. Ó wá da ojú fóònù náà dé sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní òun ò wo nǹkan kan mọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí fóònù bá ti gbọ̀n, èjìká rẹ̀ á gbọ̀n tẹ̀ lé e. Ẹnì kan wà tí kò fèsì. Mi ò béèrè ẹni náà. Àyà mi ń já bí mo ṣe ń wò ó, nítorí pé mo mọ ibi tó wà, mi ò sì lè wọlé lọ fà á jáde. Kò fi bẹ́ẹ̀ jẹun, òru ló sì ń fi rìn káàkiri ilé.

Mo ní, “Ọkọ mi, yóò kọjá.” Ó ní, “Màmá àgbà, ẹ̀yin ò lè mọ bó ṣe rí.”

Èmi! Èmi ò lè mọ bó ṣe rí!

Ẹ̀kọ́ nípa ọkàn èèyàn ló ń kọ́, òun ló sì ń kàwé sí mi létí báyìí. Ó kà á fún mi pé apá ọpọlọ tó wà lẹ́yìn iwájú orí, èyí tó ń bá èèyàn wọn ọ̀rọ̀ wò kó tó ṣe é, kì í dàgbà tán títí èèyàn á fi tó nǹkan bí ọmọ ọdún 25. Ó tún kà nípa ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Yunifásítì Stanford, Laura Carstensen, tó ti pẹ́ lẹ́nu ìwádìí lórí àwọn àgbà. Ó ní tí èèyàn bá ti rí i pé ọjọ́ iwájú òun kò gùn mọ́, á fi ọ̀pọ̀ èèyàn sílẹ̀, á di àwọn díẹ̀ tó ṣe iyebíye sí i mú, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀ sí i. Kódà ọ̀dọ́ tó bá mọ̀ pé àkókò òun kúrú máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà kà á tán, ó pa ìwé dé, ó tún gbé fóònù. Ọ̀dọ̀ mi ni ọ̀rọ̀ yẹn dúró sí. Ìwọ ni mo rántí.

Àwọn ìròyìn tó kù: àbúrò mi ti fẹ̀yìn tì, òrùlé ti ṣe, Alárìnkà bímọ obìnrin, èmi sì ti gbé orin sílẹ̀ fún àwọn tó lóhùn.

Má rò pé mò ń sọ pé ọjọ́ ogbó dùn tán. Àwọn tí mo lè pè lórí fóònù ń dín kù, tí mo bá sì jókòó pẹ́, dídìde di iṣẹ́. Ti ojú wá nìyí: wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ sí ti ọ̀tún lóṣù tó ń bọ̀. Dókítà ní dígí inú ẹyinjú mi ló ti di bàìbàì, pé wọn yóò yọ ọ́, wọn yóò sì fi tuntun tí wọ́n ṣe rọ́pò rẹ̀. Tí ìyẹn bá ti jinná, wọn yóò kan ti òsì. Wọ́n ní kò ní pẹ́ rárá, n ó tún padà sílé lọ́jọ́ kan náà. Mo sọ fún gbogbo ilé pé ẹ̀rù ò bà mí. Ìwọ nìkan ni mò ń sọ fún pé ó ń bà mí.

Nítorí náà, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Àwọn lẹ́tà tí mo kọ sí ọ nígbà tí o kọ́kọ́ rìnrìn àjò, o sọ fún mi nígbà kan pé o kó gbogbo wọn pa mọ́. Jọ̀ọ́, fi wọ́n ránṣẹ́ sí mi. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà: àkísà mi ló wà lọ́dọ̀ rẹ yẹn, mo sì fẹ́ fi han ọmọ yìí. Tí mo bá sọ ọ́ lẹ́nu, àgbà tó ń gbani níyànjú ló máa rí. Jẹ́ kó fojú ara rẹ̀ rí ọwọ́ ìkọ̀wé mi, pẹ̀lú ibi tí omijé ti ba íǹkì jẹ́. Jẹ́ kó ka ibi tí mo ti kọ ọ́ pé ayé mi ti parí nítorí Ẹlẹ́wù Búlúù, kó sì bi mí léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà.

Yọ ti orí afárá kúrò nínú wọn o. O mọ̀ ọ́n. Jẹ́ kó ṣì wà lọ́dọ̀ rẹ.

Tí ó bá lè tètè dé, kó dé ṣáájú iṣẹ́ abẹ yẹn, nítorí pé wọn ò ní jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gbé nǹkan fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, òun ni yóò máa jókòó tì mí, yóò sì nílò ohun tí yóò máa kà sí mi létí. Màá pè ọ́ tí wọ́n bá ti fún mi ní ọjọ́. Kí o gbé fóònù o, kó o má fi sínú yàrá kejì bó o ṣe máa ń ṣe.

Kí gbogbo ilé fún mi.

Èmi ni,
Ẹnìkejì rẹ